Kí Ìléru Má Kú

Bàbá Iná ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀ débi pé bí ẹ bá pe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lójú pópó, kò ní bojú wẹ̀yìn. Àwọn tí kò mọ iṣẹ́ tó ń ṣe máa ń rò pé torí ìbínú ni. Irọ́ gbuu! Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀, òun ni yóò tún bẹ̀ yín. Iná tó wà lórúkọ rẹ̀, iná ìléru ni, níléeṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ìgò: ìgò oògùn ikọ́, ìgò lọ́fínńdà, ìgò kéékèèké tí wọ́n ń rọ oògùn ojú sí. Àtìgbà tí irun orí rẹ̀ ti dúdú ló ti wà nídìí ìléru náà. Irun ọ̀hún ti funfun báyìí. Irun ìpéǹpéjú rẹ̀ ní tiẹ̀ ti jó dànù tipẹ́, ojú rẹ̀ sì máa ń dà bíi ti ẹni tí nǹkan ṣẹ̀ṣẹ̀ yà lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ìléru ìgò fún ẹni tí kò rí i rí, torí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò ní mọ ohun tó ṣe ọkùnrin yìí. Kì í ṣe ààrò tí wọ́n ń dáná sí láàárọ̀, tí wọ́n ń pa á lálẹ́. Bí iná rẹ̀ bá ti ràn, ó di jíjó nìyẹn, ojoojúmọ́, lọ́dọọdún. Yanrìn àti àfọ́kù ìgò tí wọ́n dà sínú rẹ̀ á yọ́, á di omi pípọ́n kan tó ki bí oyin. Inú omi yẹn ni àwọn tó ń fẹ́ ìgò ti máa ń fi ọ̀pá onírin bu tiwọn, wọ́n á fẹ́ atẹ́gùn sí i, á sì di ìgò. Ó dáa. Bí iná bá wá kú ńkọ́? Omi ìgò á dì, á lẹ̀ mọ́ bíríkì inú ìléru pátápátá, bó bá sì ṣe ń tutù ni yóò máa fa bíríkì ọ̀hún ya. Ìléru tí omi ìgò bá dì sí nínú ti di òkú. Kò sí alágbẹ̀dẹ, kò sí dókítà, kò sí ẹni tó lè jí i.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà téèyàn lè gbà pa iná ìléru láìba ìléru jẹ́. Wọ́n á ṣí ìdí rẹ̀ nígbà tí omi ìgò ṣì ń ṣàn, wọ́n á jẹ́ kó dà jáde tán sínú kòtò olómi, ìléru á wá tutù lófìfo. Gbígbọ́n ni wọ́n ń pè é. Ìléru tí wọ́n bá gbọ́n lónìí, wọ́n lè tún dáná sí i lọ́dún tó ń bọ̀. Bàbá Iná rí gbígbọ́n lẹ́ẹ̀kan rí, nígbà ayé Ọ̀gá tó dá iléeṣẹ́ náà sílẹ̀. Wọ́n ní káwọn òṣìṣẹ́ lọ sinmi díẹ̀, káwọn fi tún inú ìléru ṣe. Díẹ̀ wo! Nígbà tí wọ́n fi máa dáná padà, àwọn tó mọ ìgò í fẹ́ ti fọ́n ká bí èèrà tí wọ́n da omi sí. Ọ̀kan ti di aṣọ́lé, ọ̀kan ti sọdá òkun, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́ sì ti kú sínú yàrá tó háyà, kò sẹ́ni tó tètè mọ̀. Láti ìgbà náà, ẹ má dárúkọ gbígbọ́n sétí ẹ̀.

Bí ọjà kò bá tà, ohun tí òun máa ń ṣe ni pé yóò fa iná sílẹ̀ díẹ̀, yóò jẹ́ kí ìléru sùn. Omi ìgò á ki, àmọ́ kò ní dì. Bí ọjà bá tún ń tà, yóò gbé iná sókè, ìléru á jí. Iṣẹ́ yìí gba ojú, ó gba etí, ó gba sùúrù, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ṣe bíi tirẹ̀. Ọ̀gá olóògbé fúnra rẹ̀ máa ń sọ fáwọn àlejò pé, "Bí Bàbá Iná bá ní kó sùn, á sùn. Bó bá ní kó jí, á jí." Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mọ́ Bàbá Iná débi pé á kọ́kọ́ wúkọ́ kó tó rẹ́rìn-ín.

Ibi tọ́rọ̀ dé nìyẹn tí ogun fi bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe lọ́dọ̀ wọn o. Ibi tó jìnnà ni, ibi tí wọn kì í gbúròó rẹ̀ tẹ́lẹ̀ àfi tí wọ́n bá ń gbá bọ́ọ̀lù. Rédíò ló kọ́kọ́ mú ìròyìn rẹ̀ wọ iléeṣẹ́. Rédíò yìí, ọ̀kan nínú àwọn tó ń fẹ́ ìgò ni, òun náà ló sì fẹ́ ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Bàbá Iná bí. Wọ́n sọ ọ́ ní Rédíò torí ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì kékeré kan tí kì í kúrò létí rẹ̀. Ó mọ orúkọ gbogbo ọ̀gágun tó ń jà, ó mọ ìlú tí bọ́ǹbù bọ́ sí lánàá, àmọ́ bí ẹ bá bi í pé ọmọ òun fúnra rẹ̀ ti hu eyín mélòó, yóò ní kí ẹ dúró kóun bi ìyá ẹ̀.

"Bàbá, wọ́n ti dí ojú òkun o," Rédíò ní.

"Ta ló dí i?"

"Àwọn tó ń jà."

"Ṣé àwa là ń bá wọn jà ni?"

"Rárá o."

"Kí ló wá kàn wá ńbẹ̀?"

"Gáàsì tẹ́ ẹ fi ń dáná, ojú òkun yẹn ló ń gbà kọjá."

Gbogbo àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ rẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Àmọ́ nígbà tí ọkọ̀ tó ń gbé gáàsì wá kò dé lọ́jọ́ tó yẹ kó dé, tí kò dé lọ́jọ́ kejì, ẹ̀rín tán lẹ́nu wọn. Nígbà tó wá dé, gáàsì inú rẹ̀ kò tó ìdajì, owó tí wọ́n bù lé e sì mú kí akọ̀wé owó bọ́ awò ojú rẹ̀, kó nù ún, kó tún un wò.

Ẹ̀yin èèyàn, nígbà tí ojú bá ń pọ́n ará ìlú, ta ló yẹ kó gbà wọ́n? Ìjọba kọ́ ni? Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ìjọba ti ń san díẹ̀ lára owó gáàsì tipẹ́ kó má bàa wọ́n jù. Àfi ìgbà tí ogun dé yìí gan-an ni wọ́n wá rí i pé àwọn ò lágbára ẹ̀ mọ́. Wọ́n yọwọ́. Wọ́n ní káráyé fara dà á, pé bí oògùn kíkorò ni, tó bá yá ara á le. Kò pẹ́ kò jìnnà, wọ́n tún ṣe òfin míì: ìwọ̀nba gáàsì tó bá wọ̀lú, iléeṣẹ́ mànàmáná ló kọ́kọ́ kàn, lẹ́yìn náà bárékè àwọn sójà, torí a kì í mọ̀, ogun lè ràn. Àwọn iléeṣẹ́ kéékèèké á máa wò ó ná. Ta ni wọ́n ń fọgbọ́n sọ fún pé kó lọ kú? Àwọn tó jókòó ṣòfin yẹn, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ sí wọn lára.

Nílé Bàbá Iná náà, nǹkan ti yí padà. Àwọn ará àdúgbò máa ń gbé aṣọ wá fún ìyàwó rẹ̀ láti fọ̀ àti láti lọ̀. Obìnrin náà mọ aṣọ lọ̀ débi pé ìlà ṣòkòtò tó bá lọ̀ lè gé èèyàn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n owó iná mànàmáná ti gòkè, áyọ́ọ̀nù sì wá di nǹkan tí wọ́n ń wò bí ẹni ń wo ọ̀tá.

"Bàbá wọn," obìnrin náà ní lọ́jọ́ kan bó ṣe ń ká àwọn aṣọ díẹ̀ tó kù, "àwọn oníbàárà mi ti ń wọ aṣọ rírún lọ síbi iṣẹ́ báyìí. Ojú ò tì wọ́n mọ́."

"Á dáa, Ìyá wọn."

"Ẹ̀ ń sọ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tiyín ńkọ́?"

"Ìléru ń jó," ó ní, bẹ́ẹ̀ ló máa ń dáhùn bí wọ́n bá bi í pé ṣé àlàáfíà ni.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ni Màdámú ránṣẹ́ pè é sí ọ́fíìsì. Màdámú ni ìyàwó Ọ̀gá olóògbé, òun ló jogún iléeṣẹ́ lẹ́yìn ọkọ rẹ̀. Ó ti pa fáànù, ó fi pépà ń fẹ́ ara rẹ̀. Àwọn ìgò tí wọ́n máa ń fi han oníbàárà tò sójú fèrèsé, eruku ti bò wọ́n. Injiníà wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ọkùnrin tí kò tíì pẹ́ tó dé, tó máa ń wọ bàtà tó mọ́ jù fún irú ibi bẹ́ẹ̀. Bàbá Iná kò kórìíra rẹ̀. Ó kàn gbà pé ọmọ ọjọ́ kẹta ni.

"Màdámú," Injiníà ní, "gáàsì inú táǹkì kò tó nǹkan mọ́. Ẹ jẹ́ ká gbọ́n ìléru nísinsìnyí tí apá wa ṣì ká a. Bí ogun bá parí, a ó tún dáná."

"Bí ogun bá parí!" Bàbá Iná ní. "Ta ló sọ ìgbà tó máa parí fún ọ?"

"Ìdí ẹ̀ gan-an nìyẹn, Bàbá. A ò mọ̀ ọ́n."

"Bí ẹ bá gbọ́n ọn, ẹ ò ní rí àwọn èèyàn wọ̀nyí mọ́. Ìléru ṣeé dáná sí padà. Èèyàn ńkọ́?"

Ọ̀rọ̀ tí àgbàlagbà náà sọ kì í ṣe irọ́, Injiníà náà sì mọ̀. Màdámú yíjú sí Bàbá Iná. "Ọkọ mi ní ọ̀rọ̀ iná, ẹnu yín ni kí n ti máa gbọ́ ọ. Kí lẹ wí?"

Ká má parọ́, inú ọkùnrin náà dùn. Àgbà wo ni wọ́n á fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ̀ lójú ọ̀mọ̀wé tínú rẹ̀ ò ní dùn? Ó na ẹ̀yìn rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kó sùn," ó ní. "Màá fà á sílẹ̀ débi tí yóò fi máa jẹ gáàsì bí ọmọ ẹyẹ. Kó tó tán, wọ́n á ti gbé òmíràn wá. Ìléru yìí ò ní kú mọ́ mi lọ́wọ́."

Ibẹ̀ ló ti ṣì í. Gbogbo ìgbà tó ti ń mú ìléru sùn, ọjà ni kò tà. Gáàsì kò wọ́n rí. Ó mọ ìléru bí ẹní mọ ara rẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ tó délẹ̀ yìí kò sí lọ́wọ́ ìléru mọ́, ọ̀rọ̀ òkun ni, ọ̀rọ̀ àwọn tó ń jà ni, ọ̀rọ̀ àwọn tó jókòó sí ọ́fíìsì ìjọba ni. Àwọn yẹn ò mọ Bàbá Iná. Kò ronú kan ìyẹn.

Ó mú un sùn lóòótọ́. Wọn ò fẹ́ ìgò mọ́, àmọ́ gbogbo òṣìṣẹ́ ṣì ń wá lójoojúmọ́, wọ́n á gbálẹ̀, wọ́n á nu ọ̀pá tí kò dọ̀tí, wọ́n á jókòó. Bàbá Iná kì í jókòó. Yóò fojú sí ihò tí wọ́n ti ń wo inú ìléru, yóò wo aago tó ń sọ iye gáàsì tó kù, yóò tún padà sídìí ihò. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ni Rédíò sáré wọlé, tó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sókè bí ẹni gbé ife ẹ̀yẹ. "Mínísítà ń sọ̀rọ̀! Ẹ wá gbọ́!" Wọ́n pé lé e lórí. Mínísítà ní ọkọ̀ òkun ti gúnlẹ̀, gáàsì kún inú rẹ̀ bámúbámú. Ó ní kò sí iléeṣẹ́ kan tó máa ti ilẹ̀kùn, ó fi ọlá ara rẹ̀ búra. Ó ní láàárín ọ̀sẹ̀ náà, ọkọ̀ á ti máa gbé e káàkiri. Àwọn kan hó. Ẹnì kan ń jó. Bàbá Iná wo ojú Injiníà bí ẹni ń sọ pé ṣé o ti gbọ́.

Ní àárọ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbọ́ ìró ọkọ̀ ńlá lójú títì. Gbogbo wọn tú jáde lọ sí géètì, àtàwọn tó ń fẹ́ ìgò, àtàwọn obìnrin tó ń di ìgò sínú páálí, àti Màdámú alára. Táńkà gáàsì ni lóòótọ́, funfun báláú, ó ga, ọkọ̀ sójà kan ṣáájú rẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Táńkà rọra dúró níwájú géètì. Awakọ̀ yọ orí jáde.

"Ẹ jọ̀ọ́, níbo la máa gbà dé bárékè? A ti ṣìnà."

Àtẹ́wọ́ kú lọ́wọ́ wọn. Bàbá Iná sún mọ́ ọkọ̀. "Ṣé kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa lẹ ń bọ̀ ni, ọmọ mi?"

"Rárá, Bàbá. Bárékè ni wọ́n ní ká gbé e lọ."

"Ẹ bá wa já díẹ̀ sílẹ̀. Díẹ̀ péré. Ìléru wa ti ń kú lọ."

"Ẹ má bínú, Bàbá. Wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ pa. Bí mo bá ṣí i, èmi náà ti dẹni ẹ̀wọ̀n."

Sójà kan sọ̀ kalẹ̀, kò jágbe mọ́ wọn o, ó kàn ní kí Bàbá sún sẹ́yìn. Rédíò ló wá júwe ọ̀nà fún wọn, torí kò sẹ́lòmíì tó fẹ́ ṣe é. Wọ́n dúró, wọ́n ń wo ẹ̀yìn táńkà náà títí ó fi yà lókè. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin bú sẹ́kún, ẹlòmíì ní kó dákẹ́, pé ẹkún kì í gbé iná sókè.

Injiníà fa Bàbá Iná sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́. "Bàbá, mo ti wò ó láàárọ̀ yìí. Ó ṣì ń ṣàn. Ẹ jẹ́ ká gbọ́n ọn báyìí. Bó bá dọ̀sán, n ò mọ̀ mọ́."

Bàbá Iná gbójú sókè, gbogbo wọn ló ń wò ó. Ọkọ ọmọ rẹ̀ ń wò ó. Màdámú ń wò ó. Ẹ̀rù bà á, ẹ̀rù tí kò bà á rí látìgbà tó ti dáyé. Bó bá ní kí wọ́n gbọ́n ọn, lójú ẹsẹ̀ ni gbogbo àwọn èèyàn wọ̀nyí di aláìníṣẹ́, láti ẹnu òun. Ó wá sọ ohun tó wá sí i lẹ́nu: "Sílíńdà ilé wa ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí kálukú lọ gbé tiẹ̀ wá. Ó máa gbé wa dọ̀la. Mínísítà ṣáà ní ọ̀sẹ̀ yìí ni."

"Bàbá, ṣé kí n fọkàn balẹ̀?" Màdámú bi í.

"Ẹ fọkàn balẹ̀."

Ẹ wo bí èèyàn ṣe ń fẹ́ràn ìrètí! Inú wọn tún dùn. Wọ́n sáré lọ sílé, wọ́n sì ń gbé sílíńdà bọ̀, ẹlòmíì lórí, ẹlòmíì nínú báró, ẹlòmíì lẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Ọ̀kan ní, "Ìyàwó mi ní bí mi ò bá gbé e padà, kí n máa wá jẹun lọ́dọ̀ ìléru." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Bàbá Iná náà délé, ó ń tú sílíńdà tiẹ̀ lára sítóòfù. Ìyàwó rẹ̀ dúró tì í, kò dí i lọ́wọ́.

"Ẹ gbé e, Bàbá wọn. Àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ ọ̀rọ̀ kan fún yín. Ìléru yẹn kì í ṣe ọmọ yín. Ọmọ yín wà lọ́hùn-ún, òun náà ń gbé sílíńdà tiẹ̀ bọ̀, ọmọ wà lẹ́yìn ẹ̀."

Bàbá Iná gbé e lérí, ó jáde.

Wọ́n so àwọn sílíńdà náà mọ́ ọ̀pá gáàsì lọ́kọ̀ọ̀kan. Háà! Ìléru tó máa ń jẹ odindi táńkà, kí ni sílíńdà ìdáná fẹ́ ṣe fún un? Bí ẹni tutọ́ sódò ni. Bí wọ́n bá so ọ̀kan, á jó fàì, á tán. Wọ́n á so òmíì, á jó, á tán. Gáàsì tí wọn ì bá fi se ohun tí wọ́n máa jẹ lóṣù náà, ìléru gbé e mì, kò tiẹ̀ gbin. Kí oòrùn tó kan àtàrí, sílíńdà òfìfo ti tò sílẹ̀ lọ rẹrẹ, ti ọmọbìnrin rẹ̀ wà láàárín wọn.

"Ẹ gbọ́n ọn," Bàbá Iná ní. Ohùn rẹ̀ ò jáde dáadáa, ó tún un sọ. "Ẹ gbọ́n ọn!"

Injiníà àti Rédíò ti wà nísàlẹ̀. Wọ́n fi irin gbá èdídí ìdí ìléru, ó ṣí. Omi ìgò yọ jáde, pípọ́n, ó nípọn bí ọrùn ọwọ́. Ó ń bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bàbá Iná kúnlẹ̀ sẹ́nu kòtò, ó ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá obìnrin tó ń rọbí sọ̀rọ̀, ó ń ní kó máa bọ̀, kó jọ̀ọ́, kó máa bọ̀. Ó tín-ínrín. Ó dà bí okùn, ó dà bí òwú. Ó wá dúró, ó ń fì dirodiro, kò kán, kò sì sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Gbogbo ìyókù ṣì wà nínú.

Iná wú ikọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó kú.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò tẹ́lẹ̀ ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó tẹ̀ lé e. Ìléru náà ti ń hó lọ́jọ́ gbogbo tó bẹ́ẹ̀ tí igbe kíké kí wọ́n tó lè gbọ́ ara wọn ti mọ́ gbogbo wọn lára. Ẹnì kan ṣì ń kígbe béèrè irin, ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀, ojú tì í, ó dákẹ́. Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n gbọ́ kẹ́ẹ́ nínú ìléru. Lẹ́yìn náà, gbàù! Bíríkì àkọ́kọ́ ti ya. Bàbá Iná jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fọwọ́ di etí, ó ń sunkún bí ọmọdé, kò sì bìkítà pé ọkọ ọmọ òun ń wo òun.

Gbogbo wọn tù ú nínú. Ìyẹn ló burú jù. Rédíò ní, "Bàbá, ogun ló fà á." Àwọn obìnrin ní ìjọba ni, pé Ọlọ́run á bi wọ́n. Màdámú tẹ̀ ba lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní, "Ẹ ti gbìyànjú." Injiníà ní tiẹ̀ fi bàtà rẹ̀ tó ti di dúdú yí àfọ́kù ìgò kan sí ọ̀tún, ó yí i sí òsì.

"Ẹ má purọ́ fún mi," Bàbá Iná ní. "Ogun ló mú gáàsì lọ, mo mọ̀. Ìjọba ló ta wá, mo mọ̀. Àmọ́ láàárọ̀ yìí, ìléru ṣì wà láàyè, wọ́n sì bi mí léèrè. Èmi ni mo pa á."

Kò sẹ́ni tó já a nírọ́, torí òótọ́ ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n fọ́n ká, gẹ́gẹ́ bó ṣe bẹ̀rù pé wọ́n á fọ́n ká, àfi pé kò sí ìléru kankan tí wọ́n lè padà sí mọ́. Rédíò wá iṣẹ́ títí, ó wá lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn sójà, torí àwọn nìkan ló ń gba èèyàn. Ọmọbìnrin Bàbá Iná kó ẹrù rẹ̀ padà sílé bàbá rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Ó ń kí i, ó ń gbé oúnjẹ fún un, kò sì bá a sọ ju ìyẹn lọ. Bàbá Iná máa ń jí ní àárọ̀ kùtù, yóò wẹ̀, yóò wọ aṣọ iṣẹ́, yóò wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí ìyàwó rẹ̀ yóò fi wá mú un wọlé.

Màdámú ta iléeṣẹ́. Agbaṣẹ́ṣe tó rà á kò fẹ́ ṣe ìgò, ilẹ̀ àti irin ibẹ̀ ló fẹ́. Ó ń wá àwọn tó máa bá a wó ìléru, owó ojúmọ́ ni yóò máa san. Bàbá Iná gbọ́, ó sì lọ. Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ kó má lọ, àmọ́ Bàbá Iná ní ẹnì kan gbọ́dọ̀ bọ́ ọmọ ọmọ òun. Ó bá díẹ̀ lára àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ níbẹ̀, òòlù lọ́wọ́ wọn. Wọ́n kí i, wọ́n sì gbójú sílẹ̀.

Wọ́n lu ìléru náà láàárọ̀ títí dé ọ̀sán, kò mira. Omi ìgò tó dì sínú rẹ̀ ti le ju òkúta lọ. Òòlù ń ta padà lára rẹ̀, ọwọ́ ń ta wọ́n. Agbaṣẹ́ṣe bínú, ó ní ṣé kò sẹ́ni tó mọ nǹkan yìí láàárín wọn ni, pé ibo gan-an lèèyàn lè lù tí yóò ya. Gbogbo wọn yíjú sí ibi tí Bàbá Iná jókòó sí.

Bàbá Iná dìde. Ó rìn lọ sídìí ìléru, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e. Ní gbogbo ayé rẹ̀, kò fọwọ́ lásán kàn án rí, torí ẹni tó bá dán an wò, ọwọ́ ọ̀hún ti lọ. Ó tutù, ó sì rí gbágungbàgun. Ó fọwọ́ ra ògiri rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé ẹ̀gbẹ́ kan nísàlẹ̀, ó dúró síbẹ̀.

"Ẹ lù ú níbí," ó ní.

Wọ́n lù ú níbẹ̀, ó sì ya.